Ààwẹ̀ Romaric àti Igbá Wàrà

Bí ó bá jẹ́ pé òórùn ni wọ́n fi ń lé ènìyàn nílùú, àwọn ará Ṣábẹ ì bá ti gbé Romaric gun orí òkè fún igún, igún náà ì bá sì kọ̀ ọ́. Kì í ṣe òórùn ara o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń wẹ̀ lójúmọ́. Òórùn irọ́ ni.

Romaric ní oko kajú lọ́nà Kaboua. Ó tún ní ẹnu. Nígbà tí àìsàn dá Flora, ìyàwó Antoine ọ̀rẹ́ rẹ̀, dùbúlẹ̀, Romaric dìde láàárín ìjọ, ó ní òun yóò gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta gbáko nítorí rẹ̀, omi pàápàá kò ní kan òun lẹ́nu. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Antoine sunkún.

Ọ̀sán ọjọ́ kìn-ín-ní kò tíì pé tí ikùn rẹ̀ fi ń ké bí ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Parakou bọ̀. Ó sá wọ oko. Ó jẹ iṣu sísun, ó jẹ gààrí, ó wá ń fa omi èso kajú pupa mu bí ọmọ màlúù. Lẹ́yìn náà ó fi eérú pa ètè kó lè gbẹ, ó gé ọ̀pá, ó ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀ wálé.

"Bàbá Chancelle, ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni Samiratou aládùúgbò rẹ̀ wí. "Ẹ mà ti rù."

"Ara ló rù," ni Romaric fi ohùn òkú dáhùn. "Ẹ̀mí ń sanra."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ tutọ́ sílẹ̀ bó bá wù yín.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, Flora fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, ara rẹ̀ ti yá. Ó gbé igbá wàrà tútù tó rà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní dání. Antoine tẹ̀ lé e.

"Bàbá Chancelle, ẹ̀yin lẹ bá mi jìyà. Ẹ fi èyí ṣínu."

Ta ni kò gbọ́ ọ rí ní Ṣábẹ pé ẹni tó bá jẹ kajú, tó mu wàrà lé e, itẹ́ òkú ló ń lọ? Látorí ọmú ni wọ́n ti sọ ọ́ fún Romaric. Kajú tó jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ṣì wà nínú rẹ̀, ó tó agbọ̀n mẹ́fà. Bó bá kọ wàrà, àṣírí tú. Bó bá mu ún, ikú. Ẹ wo iṣẹ́ ìgbéraga: ó gbà á, ó gbé e mu.

Kó tó gbé igbá kalẹ̀, ẹ̀rù ti lọ́ ìfun rẹ̀. Ó bì. Èébì náà ya bí odò Ọ̀pàrà nígbà òjò. Iṣu wà níbẹ̀, gààrí wà níbẹ̀, awọ kajú pupa léfòó lórí rẹ̀. Ajá Samiratou, tí kì í kọ ohunkóhun, gbóòórùn rẹ̀, ó yíjú sẹ́yìn.

Flora wo ilẹ̀, ó wo Romaric. "Ṣé ààwẹ̀ mi nìyí?"

"Mo ń kú lọ," ni Romaric wí. "Ojoojúmọ́ ni mo ń jẹun."

Antoine kúnlẹ̀ sínú ẹ̀gbin náà, ó dì í lórí mú. "O kò kú. Ẹ̀rù ló mú ọ bì, kì í ṣe wàrà. Irọ́ inú rẹ ni kí o bẹ̀rù."

"Ta ló wá wo Flora sàn?"

"Ẹni tó mọ gbogbo ohun tí o jẹ, tó sì ṣàánú náà ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wó Romaric. Ara rẹ̀ wá ń rí i lára ju èébì náà lọ. "Jésù," ló wí, "fọ inú mi."

Òun fúnra rẹ̀ ló gbálẹ̀ náà, lójú gbogbo àdúgbò. Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ fún ìjọ. Lónìí, bó bá gbààwẹ̀, á wẹ̀, á fi òróró para, á máa pa wá lẹ́rìn-ín. Aurélie ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń mọ̀, nítorí òun ló ń gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ fún opó kan ní Bessé.

Ìwọ tó di ìwé yìí mú, kí ló wà nínú ìwọ náà? O ti nu ẹnu, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ń gbóòórùn rẹ̀. Má dúró de igbá wàrà tìrẹ. Bì í jáde síwájú Jésù lónìí, níbi tí o jókòó sí yẹn gan-an. Òun kò ní ṣe bí ajá Samiratou. Kò ní yíjú sẹ́yìn.