Abala Mẹ́rin Tí Ìpẹtà Kò Mú

Kì í ṣe òkú ni Nermin bá lóko láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn. Ohun tó wà láàyè ju bó ṣe yẹ lọ ló bá.

Àrùn ìpẹtà ti bo oko ìdánwò tó ń bójú tó ní Konya, ní Turkey. Ogójì abala àlìkámà ló wà níbẹ̀, ìlà mẹ́rin, mẹ́wàá-mẹ́wàá: irúgbìn mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní abala kan nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ewé ti di rúsúrúsú, ẹ̀tù ìpẹtà sì ń kun ṣòkòtò ẹni tó bá kọjá. Àfi abala mẹ́rin, ọ̀kan nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Àwọn yẹn tutù yọ̀yọ̀.

"Haydar! Wá wo nǹkan."

Haydar, awakọ̀ katakata wọn, ju sìgá rẹ̀ nù. "Áà, ọ̀gá, àwọn wọ̀nyí ló máa gbégbá orókè nìyẹn!"

"Ẹnu ẹ ò ní pa ẹ́. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí o wò ó dáadáa."

Ìpẹtà wà lára ewé ìsàlẹ̀, àmọ́ ó ti gbẹ. Ewé òkè mọ́ tónítóní. Lára abala tó múlé gbè wọ́n, etí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí nìkan ló tutù.

"Wọ́n fín oògùn sí i," ni Haydar sọ. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Èèwọ̀ ni. Látìgbà ìwọ́wé ni wọ́n ti gbin àlìkámà yìí, kí yìnyín Konya bò ó mọ́lẹ̀, kí ọ̀dá pọ́n ọn lójú, kí àrùn bá a jà, kí wọ́n lè mọ èyí tí yóò so púpọ̀, tí ọkà rẹ̀ yóò sì dára. Èyí tó bá yege ni àgbẹ̀ yóò gbìn. Ẹni tó bá parọ́ níbẹ̀, oúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ ló ń fi ṣeré.

Nermin wọ ọ́fíìsì, ó tẹ́ àwòrán oko sílẹ̀. Abala tútù ti ìlà kìíní, Elmas ni. Ti ìlà kẹta, Elmas náà ni. Ṣùgbọ́n ti ìlà kejì, irúgbìn Tekin oníṣòwò ni, ti ìlà kẹrin sì jẹ́ èyí tó ti Ankara, olú ìlú, wá. Elmas tó wà nínú ìlà méjèèjì yẹn ti pọ́n rúsúrúsú bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀.

Bàbá Rasim ló ṣẹ̀dá Elmas. Òun náà ló kọ́ Nermin níṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ọdún méjìlélógún ló fi ṣa irúgbìn náà, ó sì fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ pè é. Ọdún yìí ni ìdánwò ìkẹyìn. Bó bá ṣubú, ó tán nìyẹn.

Kò sí orúkọ lóko, kò sí pátákó; inú ìwé nìkan ni nọ́ńbà abala kọ̀ọ̀kan wà. Ta ló wá mọ èyí tó jẹ́ ti ta? Haydar mọ̀ ọ́n, òun ló gbìn ín. Tekin lè mọ̀ ọ́n, Nermin ti bá a rí níbi tó ti ń yọjú wo inú dúrọ́ọ̀ tí àwòrán oko wà. Ẹnì kẹta nìyí: lọ́jọ́ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, Nermin lọ kí Bàbá Rasim, ó fẹnu kan ọwọ́ rẹ̀ bí àṣà wọn. Ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ikú ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Bàbá bẹ̀ ẹ́ pé kó sáà sọ èyí tó jẹ́ Elmas fóun, kóun lè máa wò ó látẹ̀gbẹ́ títì. Àánú ṣe é. Ó kọ nọ́ńbà wọn fún un: 3, 14, 28, 32. Òfin sì ni pé ẹni tó ṣẹ̀dá irúgbìn kò gbọdọ̀ mọ abala rẹ̀.

"Kì í ṣe Bàbá," ló ń tẹnu mọ́ ọn fún ara rẹ̀. "Bó bá jẹ́ òun ni, kí ló dé tó fi Elmas méjì sílẹ̀ fún àrùn?" Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ojú sì tì í pé ó balẹ̀.

Ó pe Tekin. Ọkùnrin náà dé, ó da ṣúgà mẹ́ta sínú tíì.

"Abala rẹ kan tutù, Tekin."

"Mo gbọ́. Àwọn mẹ́ta yòókù ńkọ́? Wọ́n ti kú! Arábìnrin, bí mo bá fẹ́ jalè, ṣé ìdá kan nínú mẹ́rin ni n óò jí? Ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́ nídìí iṣẹ́ òmùgọ̀."

Òótọ́ ni. Nermin pe Haydar.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi kẹ̀? Èmi tí mo gbìn ín máa wá ṣi abala mú? Ọwọ́ òsì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́dún yìí, nọ́ńbà sì tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀, bí ẹ ṣe ní kí n ṣe torí kọ̀ǹpútà yín. Kí n gbìn dópin, kí n tún wa katakata padà lófo. Láyé Bàbá Rasim, a kì í padà lófo! Ibi tí ìlà kan bá parí sí ni èkejì ti ń bẹ̀rẹ̀, bíi màlúù tó ń túlẹ̀."

Nermin gbé ife tíì kalẹ̀. Ó jáde lọ sóko.

Ó dúró sápá ọ̀tún ìlà kejì, ó ń kà á bí wọ́n ṣe ń kà á láyé Bàbá Rasim. Mọ́kànlá, méjìlá, mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró níwájú abala tútù. Ó lọ sápá ọ̀tún ìlà kẹrin. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, méjìlélọ́gbọ̀n. Òun náà tún rèé, ó tutù yọ̀yọ̀. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́.

Inú ọgbà àjàrà ló ti bá Bàbá Rasim, tó ń gé ẹ̀ka.

"Ọmọ mi! Jókòó. Ojú ẹ ti rẹ̀ jù."

"Bàbá, tí ẹ bá ka ìlà kìíní tán, ibo lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ èkejì?"

"Ibi tí mo bá dúró sí ni. Ṣé màlúù ń fò ni?"

"A ti yí i padà lọ́dún yìí. Ọwọ́ òsì ni gbogbo ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ fún yín."

Bàbá fi ìka kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Ó jókòó sórí ilẹ̀ lásán.

"Méjì nínú Elmas..."

"Ìpẹtà ti jẹ wọ́n, Bàbá."

Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́. Ó rí ìpẹtà àkọ́kọ́ lára Elmas látojú títì. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí gbogbo èèyàn wà ní mọ́sálásí, ó gbé pọ́ǹpù tó fi ń fín oògùn sí àjàrà kọ́ ẹ̀yìn, ó wọ oko.

"Mo ṣèlérí fún ìyàwó mi lórí ibùsùn ikú ẹ̀ pé orúkọ ẹ̀ kò ní parẹ́," ló wí.

"Bí àgbẹ̀ bá wá gbìn ín, tí ìpẹtà sì jẹ ẹ́ ńkọ́?"

"Ṣé o rò pé mi ò rò ó ni? Látọjọ́ náà, mi ò lè gbé búrẹ́dì mì. Kọ orúkọ mi, ọmọ mi. Ẹ̀bi mi ni."

Nermin tẹ ọ̀gá wọn ní Ankara láago níbẹ̀. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀: ẹni tó ṣe é, bó ṣe ṣe é, ìdí tó fi ṣe é. Ọ̀gá fa òṣé.

"Ó dáa. Ta ló wá fún un ní nọ́ńbà?"

Bàbá Rasim gbọ́ ọ. Ó ń mi orí sí i kíákíá, ó ń juwọ́: má sọ ọ́, má sọ ọ́, èmi ni mo jí i wò.

Ọ̀nà àsálà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Nermin yíjú kúrò lára bàbá.

"Èmi ni, ọ̀gá," ló sọ. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ fún un."