Ohùn Abọ́dúndé Nínú Ilé Tíátà Àtijọ́

"Dá a dúró! Dá a dúró jàre!" Láyí kígbe láti orí pèpéle. "Jọmílójú, ṣé òkú ló ń sọ̀rọ̀ yìí ni, àbí ẹni tí eyín ń dùn?"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Jọmílójú náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tì í. Ìgbà kẹjọ rèé tí yóò sọ gbólóhùn kan náà sínú fóònù tí Quadri so mọ́ orí igi kan.

Ọ̀sán Sátidé ni, nínú ilé tíátà àtijọ́ kan ní Èbúté Mẹ́ta. Òjò ti ba òrùlé rẹ̀ jẹ́, àwọn àga onígi ti dojú bolẹ̀, eruku sì bo ibi gbogbo. Eré àfetígbọ́ ni ẹgbẹ́ eléré ilé-ìwé wọn ń gbà sílẹ̀ níbẹ̀, fún ìdíje kan tí ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Yaba ṣètò. Nínú eré náà, obìnrin òṣèré kan ṣubú lulẹ̀, ó sì kú sórí pèpéle. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti tilẹ̀kùn ilé tíátà tán, ohùn rẹ̀ yóò máa jáde láàárín àwọn àga tó ṣófo. Ọlọ́pàá kan wá ń wádìí ohun tó pa á. Jọmílójú ni ohùn òkú náà.

"Tí ohùn òkú ò bá dẹ́rù bani, kò sí eré nìyẹn," ni Láyí wí. Ọmọ kíláàsì àṣekágbá ni, òun sì ni olórí ẹgbẹ́. "Wá ohùn mìíràn wá kó tó di Sátidé tó ń bọ̀, kí n má bàa gbé e fún ẹlòmíràn."

Jọmílójú mọ ibi tí ohùn mìíràn wà.

Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí ìyá rẹ̀, Abọ́dúndé, ti kú. Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Ohùn rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù Jọmílójú, nínú àwọn iṣẹ́ tó máa ń rán sí i lórí Wásáàpù: ra iyọ̀, kó aṣọ wọlé, ṣé Màmá Àgbà ti lo oògùn. Kò sí ọjọ́ kan tí ọmọ náà kì í gbọ́ ọ̀kan nínú wọn. Èyí tí ó fẹ́ràn jù ni èyí tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ òjò kan: "Mo ti ń bọ̀ o. Ẹ má tilẹ̀kùn. Ẹ dúró dè mí." Ó ti rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, a sì ń gbọ́ òjò lẹ́yìn rẹ̀.

Ní Sátidé kejì, Quadri fi ohùn náà sí ibi tó yẹ, ó sì jẹ́ kó máa dún padà bí ẹni pé inú ihò ló ti ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ tán, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

"Háà! Ta nìyẹn?" Láyí béèrè. "Orí mi wú o."

"Àǹtí mi kan ni," Jọmílójú dáhùn. "Wọ́n ní ká lò ó."

Irọ́ ni. Kò béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, kò sì béèrè lọ́wọ́ Màmá Àgbà, ìyá ìyá rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé ní Àgùdà. Ṣùgbọ́n Láyí ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, àwọn yòókù sì ń pàtẹ́wọ́.

Eré náà wọ ìpele àṣekágbá. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ó ti ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn káàkiri Surulere.

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni Màmá Àgbà. Nígbà tí Abọ́dúndé kú, wọn kò jẹ́ kó rí òkú ọmọ rẹ̀, nítorí àṣà kò gbà kí òbí rí òkú ọmọ tó bí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Àǹtí Sẹ̀kínátù, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé wọn, ló jókòó tì í nínú yàrá. Nígbà tí àwọn yòókù padà dé, kò sí ẹni tó sọ ohunkóhun fún un, òun náà kò sì béèrè. Kò sunkún bí wọ́n ṣe rò pé yóò sun ún.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan, Àǹtí Sẹ̀kínátù ń ránṣọ lọ́wọ́, ó sì tan eré náà sókè. Bí Quadri ṣe tún ohùn náà ṣe kò jẹ́ kí ó dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n Màmá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà lẹ́bàá fèrèsé, ìyá tó bí Abọ́dúndé sì dá ohùn ọmọ rẹ̀ mọ̀.

Nígbà tí Jọmílójú ti ilé-ìwé dé, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Màmá Àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ tó dáa.

"Màmá, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ta lẹ ń retí?"

"Ìyá rẹ ni. Ó ní òun ti ń bọ̀. Ó ní ká má tilẹ̀kùn." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé o rí i, wọn ò jẹ́ kí n rí òkú kankan. Mo ti ń sọ ọ́ nínú ọkàn mi pé wọ́n ń tàn mí ni."

Ó yẹ kí Jọmílójú sọ òtítọ́ nígbà náà. Ó ro ti ìdíje, ó ro ohun tí bàbá rẹ̀ yóò ṣe, ó sì wọlé lọ bọ́ aṣọ ilé-ìwé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Màmá fi jókòó síbẹ̀. Ọládèjì, bàbá Jọmílójú, tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní Ìlúpéjú ní ìdájí, rò pé ọjọ́ ogbó ló dé. Ní Ọjọ́bọ̀, òjò ńlá rọ̀. Màmá jáde lọ dúró sẹ́bàá títì láìmú agbòjò, ó ń wo ojú gbogbo ẹni tó ń kọjá. Àǹtí Sẹ̀kínátù ló fà á wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́, ara rẹ̀ ti gbóná bí iná, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní òtútù ti wọ̀ ọ́ láyà.

"Ẹ gbé mi lọ sílé," ló ń sọ ṣáá. "Tó bá dé, tí kò bá ẹnì kankan ńkọ́?"

Ní ọjọ́ Ẹtì, Jọmílójú wá Láyí lọ sí kíláàsì rẹ̀. Quadri wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ bá mi yọ ohùn yẹn kúrò nínú eré wa."

"Ṣé orí ẹ pé?" Láyí fò dìde. "Ọ̀la ni àṣekágbá! Ohùn yẹn ló gbé wa débẹ̀."

"Ohùn màmá mi ni."

"Ṣebí o ní àǹtí yín..." Láyí wà lára àwọn tó wá kí wọn nílé nígbà ọ̀fọ̀ náà. "Jọmí. Màmá ẹ tí wọ́n kú?"

Jọmílójú ní bẹ́ẹ̀ ni. Quadri kò bá a jiyàn rárá. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó sì pa ohùn náà rẹ́ níbẹ̀. Ohùn Jọmílójú fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ipò ìkẹyìn ni wọ́n gbà, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ kò sì bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń dúró dè é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà.

Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá Àgbà. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ọmọ náà ti jẹ́wọ́ fún un lójú ọ̀nà. Ó sọ gbogbo rẹ̀: ilé tíátà, eré òkú, irọ́ tó pa. Lẹ́yìn náà ó tan ohùn náà, bó ṣe wà kí Quadri tó fọwọ́ kàn án.

Màmá gbọ́ ọ tán. Ó ní kó tún un tàn.

"Òjò ọdún tó kọjá nìyí," ó wí jẹ́jẹ́. "Mo rántí. Ó dé lọ́jọ́ yẹn."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Màmá yíjú sí ògiri, ó sì bú sẹ́kún, ẹkún tí kò sun láti oṣù mẹ́jọ.

"Ó tó, Màmá," ni Ọládèjì wí.

"Jẹ́ kí n sun ún, Ọládèjì."

Nígbà tó ṣe, ó nawọ́ wá ọwọ́ ọmọ náà. "Ìwọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Aṣọ wo ni wọ́n wọ̀ fún un?"

Jọmílójú wo ojú bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ mirí pé kó má sọ.

"Rírí ni wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ rí i," ni Màmá wí. "Kò sẹ́ni tó ní mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́."

Ọládèjì fa àga kan fún ọmọ rẹ̀. Jọmílójú jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ: aṣọ funfun tí wọ́n fi ọwọ́ ran ọrùn rẹ̀, orin tí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kọ, bí oòrùn ṣe mú lọ́jọ́ náà. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ohun tó yẹ kó ti mọ̀ ń yé e. Ọ̀fọ̀ tó ṣẹ ilé wọn kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, kò sì yẹ kó mú ohùn ìyá rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láìbéèrè, nítorí kí wọ́n lè yìn ín. Nígbà tó sì ti ṣe é, ó yẹ kó ti jẹ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé, kó má dúró di ìgbà tí arúgbó yóò máa wá ọmọ rẹ̀ tó ti kú kiri nínú òjò.

Màmá ń béèrè, Jọmílójú ń dáhùn, títí nọ́ọ̀sì fi wá sọ fún wọn pé àkókò àlejò ti parí.