Ọwọ́ Tó Wà Lórí Ìdérí Àpótí

Kò sẹ́ni tó gbọ́ igbe. Àárọ̀ ni wọ́n bá Bàbá Agbẹ́gi lórí ìjókòó rẹ̀ nínú ilé iṣẹ́, ó fi orí lé tábìlì bí ẹni tó ń sinmi díẹ̀, ọ̀bẹ ìgbẹ́gi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀, ibà kò mú un, kò sì tíì dàgbà dé ibi tí ikú ti ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ìdérí àpótí kan ni wọ́n fà yọ lábẹ́ àyà rẹ̀. Ó ti gbẹ́ àwòrán sí i, èérún igi sì wà káàkiri ara ẹ̀wù rẹ̀.

Ìyàwó Kékeré ló kọ́kọ́ rí i, nígbà tó gbé tíì àárọ̀ wá fún un. Ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́. Ó sunkún débi tí àwọn ará ilé fi ń wo ara wọn, nítorí wọ́n ní ẹkún náà pọ̀ jù fún ẹni tí wọ́n kàn fẹ́ wálé. Irú ilé tó jẹ́ nìyẹn. Bí o bá sunkún, wọn á ní o mọ nǹkan nípa ikú náà. Bí o kò bá sunkún, wọn á ní ìwọ gan-an lo pa á.

Òǹtẹ̀ igi ni wọ́n fi ń tẹ àwòrán sí aṣọ nílé náà, iṣẹ́ wọn kì í sì í ṣe iṣẹ́ lásán. Òdòdó tí Ìyá Àgbà bá tẹ̀ sí aṣọ máa ń ta sánsán fún ọdún mẹ́wàá. Ẹyẹ tí ọmọ rẹ̀ kékeré bá tẹ̀, ìyẹn ọkọ Ìyàwó Kékeré, máa ń bọ́ lára aṣọ nírọ̀lẹ́, á fò yí àgbàlá ká, á sì padà sáyè rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbá Agbẹ́gi, àbúrò Ìyá Àgbà, ló ń gbẹ́ gbogbo òǹtẹ̀ náà. Ẹ̀bùn tirẹ̀ ló sì ń bani lẹ́rù jù: lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ á gbẹ́ ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sí aṣọ funfun, gbogbo ilé á péjọ, wọ́n á kà á. Kò gbẹ́ irọ́ rí.

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí nǹkan ti wọ́. Òdòdó ló kọ́kọ́ dákẹ́, kò rùn mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹyẹ á fò lẹ́ẹ̀mejì, á já lulẹ̀, á kú sórí sìmẹ́ńtì. Ìyálé Ìyàwó Kékeré, aya ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ní ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rin kan tí oúnjẹ kì í dúró níkùn rẹ̀ mọ́. Ọmọ náà ti rù débi pé okùn ni wọ́n fi ń di ṣòkòtò rẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Télọ̀ tó wà lódì kejì títì kò ní iṣẹ́ méjì ju kó máa sọ fún oníbàárà pé àjẹ́ ti wọ ilé ẹlẹ́bùn. Àwọn ará ilé ti ń wá ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi náà rù tipẹ́. Ikú Bàbá Agbẹ́gi ló wá da epo sí iná náà.

Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n sìnkú rẹ̀, Ìyá Àgbà pè wọ́n jọ sídìí àmù. Àmù yìí tóbi bí àgbá, wọ́n sì ti ri ìdajì rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín ilé iṣẹ́ láti ayé baba ńlá wọn. Omi inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń po aró. Etí rẹ̀ fọ́ lápá kan. Ilẹ̀kùn méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀: ti Ìyá Àgbà lápá ọ̀tún, ti Ìyàwó Kékeré àti ọkọ rẹ̀ lápá òsì.

Ọkọ rẹ̀ fi aró kun ìdérí náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ funfun, ó sì gbé igi kúrò. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Ọwọ́ kan nà sókè orí àmù. Ife kan dojú dé sára ọwọ́ náà, omi ń tú jáde nínú rẹ̀. Ilẹ̀kùn kan ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn, òkú ẹyẹ mẹ́ta sì wà nílẹ̀. Kò sí ojú, kò sí ara. Ibi ìgúnpá ni igi parí sí. Ọwọ́ òsì ni ọwọ́ náà, ilẹ̀kùn apá òsì ló sì ṣí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń lo ọwọ́ òsì nínú ilé yẹn.

"Ó tán!" ni ìyálé pariwo. "Mo ti ń sọ ọ́, ẹ ní owú ni mò ń jẹ. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ọmọ tèmi kò tíì kú, kí n dúró kó kú ni?"

"Ìyálé mi, kí ni mo ṣe fún yín?"

"Èmi lò ń bi? Bi aṣọ! Kí lò ń dà sómi?"

"Omi tí ọkọ mi fi ń ṣiṣẹ́ ni mo máa da nǹkan sí? Ìdí àmù tí ọmọ mi ń ṣeré sí?"

"Ọmọ tìẹ kì í bì. Ilé ìwé ni tìẹ ń wà láti àárọ̀, ó ń sanra. Tèmi ló ń kú lọ. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ìwọ fi ń dáná nílé ọkọ, a sì ń jẹ ẹ́. Àwa la gọ̀."

Ìyàwó Kékeré wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ náà ń nu aró kúrò ní èékánná rẹ̀, ó rọra ń nu ún bí ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ náà rán. "Ohun tí igi bá tẹ̀ la máa ń kà," ló wí. Kò gbójú sókè.

Ìyá Àgbà kì í pariwo. Ohùn rẹ̀ a máa rọlẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ gé èèyàn. "Ìyàwó, títí ọ̀tunla, kí o ti kó ẹrù rẹ. Ọmọ rẹ yóò dúró. Ọmọ ilé yìí kò ní tẹ̀lé ẹni tó ba ilé jẹ́ gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde."

Obìnrin náà lọ́ra kó tó lóye ohun tó gbọ́. Kí wọ́n lé e, ó lè fara da ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ọlọ́dún méje tó bí, tó ń di irun fún láràárọ̀, ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí aṣọ tí kò tó bẹ́ẹ̀dì kékeré. Ó ṣubú lórí eékún. Kò sẹ́ni tó gbé e dìde.

Ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ bí kò ṣe pé kí wọ́n bú u. Ìyálé fọ abọ́ tí ó bá fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ rẹ̀ ń sùn, ó kọ ojú sí ògiri. Télọ̀ kó àwọn òǹwòran jọ sẹ́nu ọ̀nà, àfi bíi pé ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó gbé ìdérí náà lọ sídìí àmù láti fọ aró kúrò lára rẹ̀. Bàbá Agbẹ́gi nìkan ló ń bá a ṣeré nílé náà, obìnrin náà sì fẹ́ mú nǹkan kan tó jẹ́ ti ọkùnrin náà lọ. Ẹyẹ mẹ́ta bọ́ lára aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, wọ́n fò kọjá lórí rẹ̀, wọ́n sì já lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí aró ṣe ń ṣí kúrò, àwòrán inú igi hàn kedere, ó sì gbé e sókè láti wò ó dáadáa.

Ọmọ aránbàtà ni obìnrin yìí. Ẹni tí wọ́n bá ti nà rí torí pé ó gé bàtà òsì méjì fún oníbàárà kan ṣoṣo, kò ní ṣi ọ̀tún mọ̀ sí òsì mọ́ láyé. Ọwọ́ ọ̀tún ló rí lára igi. Ó tún un wò. Ilẹ̀kùn apá ọ̀tún ló ṣí. Ibi tó fọ́ létí àmù wà lápá òsì lórí igi, ó sì gbójú sókè wo àmù fúnra rẹ̀. Apá òsì náà ló ti fọ́.

Ó sáré kó òǹtẹ̀ mìíràn wá. Gbogbo wọn ni Bàbá Agbẹ́gi gbẹ́ ní òdì, bí iṣẹ́ ṣe gbà, nítorí ohun tó bá wà lọ́tùn-ún lórí igi, òsì ló ń bọ́ sí lórí aṣọ. Ọkùnrin náà ní láti máa ro ó lórí kí ọ̀bẹ tó kan igi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ikú rẹ̀, kò ráyè ro nǹkan kan. Ìdérí tó sún mọ́ ọn ló fà, ó sì gbẹ́ ohun tó rí bó ṣe rí i. Ẹlòmíràn láyé yìí ì bá kàn wo igi náà lójú. Àwọn ará ilé òǹtẹ̀ wọ̀nyí kò lè rí igi kí wọ́n má fi aró kùn ún.

Ilẹ̀kùn apá ọ̀tún dún. Ìyá Àgbà yọ, ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ìborùn. Nígbà tó rí i, ó dúró.

"Kí lò ń fọ̀?"

"Ìdérí Bàbá ni, mà."

"Gbé e sílẹ̀. Igi kì í sọ̀rọ̀ nílé yìí." Ó dúró títí obìnrin náà fi dìde, kò sì yọ ọwọ́ náà jáde.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò kó ẹrù. Ó gbé ìdérí náà dúró níwájú àmù, ó pè wọ́n. Wọ́n fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ láìlọ ilé ìwé lọ́jọ́ náà kó má bàa sá tẹ̀ lé e, ọmọ náà sì ti sunkún láti òwúrọ̀.

"Ẹ wo igi," ló wí. "Ẹ má wo aṣọ. Ibo ni àmù ti fọ́? Ibo ló ti fọ́ lára igi? Ibo ló ti fọ́ lára aṣọ tí ẹ tẹ̀?"

"Àjẹ́ ti di olùkọ́," ni ìyálé wí. "Ta ló ń ka igi?"

"Ọkọ mi, ìwọ wò ó. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́."

Ọkọ rẹ̀ wo igi, ó wo àmù, ó wo aṣọ. Ó tún wo igi. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ìyá," ló wí, "kò gbẹ́ ẹ lódì. Ọwọ́ ọ̀tún ni."

"Gbogbo wa la ní ọwọ́ ọ̀tún," ni Ìyá Àgbà dáhùn láti ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. "Kí ni ìyẹn wá sọ?"

"Ilẹ̀kùn ọ̀tún ló ṣí, mà," ni Ìyàwó Kékeré wí. "Ta ló ń gba ibẹ̀ jáde?"

Ariwo wá bẹ́. Ìyálé ní kí wọ́n na Ìyàwó Kékeré nítorí pé ó ń bú ìyá ọkọ rẹ̀. Ọkọ Ìyàwó Kékeré ní kí wọ́n dákẹ́ kí òun ronú. Ìyá Àgbà ti jáde dé ìdí àmù, ó ń nawọ́ sí obìnrin náà, ó ń sọ fún un pé kó kúrò níwájú òun kí òun tó pe àdúgbò. Nínú gbogbo èyí, kò sẹ́ni tó rántí ọmọ tó ti sunkún láti àárọ̀. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó bu omi nínú àmù, ó sì gbé ife sẹ́nu.

Ìyá Àgbà ló rí i. Kò rò ó rárá. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fò, ó gbá ife náà kúrò lẹ́nu ọmọ, ife dojú dé sókè orí àmù, omi sì tú ká. Lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀kùn tó gbà jáde ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Òkú ẹyẹ mẹ́ta ìrọ̀lẹ́ àná wà nílẹ̀, wọn kò tíì gbá wọn.

Gbogbo wọn mọ ohun tí wọ́n ń wò.

"Kí ló wà nínú omi yìí, mà?" ni Ìyàwó Kékeré bi í. Ó ti fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Ìyá Àgbà jókòó sórí ilẹ̀ tútù. Ó ní nígbà tí òdòdó òun kò rùn mọ́, ó dà bíi pé wọ́n sin òun láàyè. Aláròóbọ̀ olóògùn kan ta nǹkan funfun lúbúlúbú kan fún òun, ó ní kí òun máa bù ú sómi aró. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, òórùn padà díẹ̀. Ó bá fi kún un.

"Bàbá Agbẹ́gi ń mu nínú rẹ̀," ni ọkọ Ìyàwó Kékeré wí. "Ìdí àmù ló ń jókòó sí. Òun àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n jọ ń bu ú mu láti àárọ̀."

"Mi ò mọ̀. Ọjọ́ tó kú ni mo tó mọ̀."

Ìyálé rọra sún mọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ ti já. "Ọjọ́ tó kú. Ó di ọjọ́ mẹ́fà lónìí. Alẹ́ àná, ọmọ mi bì. Ẹ gbọ́ nígbà tó ń bì, mà. Ẹ ní kí n pẹ̀lẹ́."

"Mo fẹ́ da omi náà nù," ni Ìyá Àgbà wí. "Bí ìyàwó yìí bá ti lọ báyìí ni mo fẹ́ dà á nù. Ara ọmọ á yá, gbogbo èèyàn á sì rí i pé òun ló fà á."

"Nígbà tí ẹ rí ìdérí náà," ni Ìyàwó Kékeré bi í, "ẹ mọ̀ pé ọwọ́ yín ni?"

"Ta ni kì í mọ ọwọ́ ara rẹ̀?"

Ìyálé kò bú u, kò lù ú. Ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn láìwọ bàtà.

Ìyàwó Kékeré wọlé kó ẹrù rẹ̀. Nígbà tó jáde pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti dúró dí ẹnu ọ̀nà.

"Ibo lò ń lọ? Ọ̀rọ̀ ti yanjú. A ti rí i pé kì í ṣe ìwọ."

"Ẹ ti rí i?"

"Ohun tí aṣọ sọ ni mo kà. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn."

"Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń fi ọwọ́ yìí gbé omi fún ọ," ló wí. "Mo fi nu òógùn ojú rẹ nígbà tí ibà dá ọ dùbúlẹ̀. O wá jẹ́ kí aṣọ sọ ohun tí ọwọ́ náà jẹ́ fún ọ."

"Má mú ọmọ lọ. Jọ̀ọ́."

"Kúrò lọ́nà fún un," ni Ìyá Àgbà wí láti orí ilẹ̀.

"Ìyá, ọmọ ilé yìí ló ń mú lọ."

"Mo ríran. Mo ní kí o kúrò."

Ó kúrò. Wọ́n jáde sí títì, télọ̀ sì rí ojú obìnrin náà, ó yára padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Wọ́n rìn jìnnà díẹ̀ kí ọmọ náà tó sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ràn ìyá bàbá rẹ̀ púpọ̀.

"Màmá, ṣé Ìyá Àgbà máa wá kí wa?"

Ìyá rẹ̀ gbé ẹrù láti èjìká kan sí èkejì. "Ó lè wá," ló wí. "Ṣùgbọ́n àwa la máa fún un lómi."