Àbíkẹ́yìn Inú Ìkòkò Fàdákà

Nígbà tí Bogumił kọ́kọ́ rí Otylia, ọmọbìnrin náà dojú bolẹ̀ gbalaja láàárín ebè ọ̀dùnkún rẹ̀, bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sì mira.  Bogumił ju ọkọ́ sílẹ̀, ó sáré tọ̀ ọ́ lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí nǹkan?"

"Ẹ má tẹ ibẹ̀ yẹn," ni ọmọbìnrin náà wí láìgbé ojú sókè. "Ẹ fẹ́ tẹ ẹgbẹ̀rún ọdún mọ́lẹ̀."

"Ilẹ̀ mi ni mo ń tẹ̀."

"Ó jẹ́ tiyín títí di ọjọ́ tí ẹ fi ohun ìtúlẹ̀ gbá ìkòkò owó yẹn. Tìjọba ni báyìí." Ó wá gbójú sókè. Ẹrẹ̀ ti kun imú rẹ̀ dúdú. "Ẹ bá mi wá bàtà mi kejì. Ẹrẹ̀ yín ti gbé e mì."

Bogumił wá bàtà. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ó ń dá oko ṣe láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, àwọn obìnrin abúlé Wierzbowiec sì ti ń sọ pé ẹṣin rẹ̀ ni yóò bá darúgbó. Bó ṣe fa bàtà náà yọ tó fi apá aṣọ rẹ̀ nù ún, ó mọ̀ pé nǹkan ti ṣe òun.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Poznań ló rán Otylia wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo owó fàdákà àtijọ́, kó sì sọ ọba tó rọ ọ́ àti ìgbà tó rọ ọ́. Bogumił yá a ní tábìlì ilé ìdáná. Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ni Otylia fi jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú awò àti òṣùwọ̀n kékeré, gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ni Bogumił sì ń wá omi mu ní ilé ìdáná bí ẹni tó jẹ iyọ̀.

"Kí ló dé tí wọ́n gé èyí sí méjì?"

"Wọn kì í ka owó nígbà náà, wọ́n ń wọ̀n ọ́n ni. Bí ohun tí ẹ rà ò bá tó odindi, wọ́n á gé e. Ẹ wo ojú ọ̀bẹ níhìn-ín. Wọ́n gún un kí wọ́n lè mọ̀ bóyá fàdákà ni dénú."

"Wọn ò fọkàn tán ara wọn nìyẹn."

"Ọ̀bẹ ni wọ́n fọkàn tán. Ẹ̀yin ńkọ́, ta lẹ fọkàn tán?"

"Ẹṣin mi."

Otylia rẹ́rìn-ín títí òṣùwọ̀n fi ń mì.

Bogumił tún bi í pé báwo ló ṣe mọ ìgbà tí wọ́n ri ìkòkò náà mọ́lẹ̀, nígbà tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ síbẹ̀.

"Àbíkẹ́yìn ni mò ń wá," ni Otylia wí. "Nínú gbogbo owó yìí, ọ̀kan ló kéré jù lọ́jọ́ orí. Wọn ò lè ri ìkòkò mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó rọ èyí tó kẹ́yìn nínú rẹ̀."

Owó ilẹ̀ Jámánì kan ni àbíkẹ́yìn tó rí. Ó bá ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń sọ tipẹ́ mu: ìgbà tí àwọn ọmọ ogun Czech wá jó ilẹ̀ náà ni olówó ri ìkòkò rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì padà wá hú u. Kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Otylia di ẹrù rẹ̀, ó ní òun yóò wọ bọ́ọ̀sì òwúrọ̀.

Oorun kò kun ojú Bogumił dáadáa. Nígbà ayé bàbá rẹ̀, bàbá náà ti ṣa owó fàdákà kan létí odò, ó sì ń bẹ nínú páálí ìṣáná lẹ́yìn àwòrán Màríà Mímọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bogumił mú un, ó sáré lọ sí ibi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì.

"Mo rí òmíràn," ló wí, ó ń mí gúlegúle.

Orí ọba wà lójú kan, ẹlẹ́ṣin tó gbé ọ̀kọ̀ wà lójú kejì. Otylia gbé e súnmọ́ ojú. "Bolesław Kejì nìyí, ẹ̀yìn ogun Czech ló jọba. Níbo lẹ ti rí i?"

"Nínú ihò ìkòkò yẹn."

"Inú ihò náà gan-an? Ẹ wo ojú mi."

Bogumił wo ojú rẹ̀, ojú yẹn gan-an ló sì mú un parọ́. "Ibẹ̀ gan-an ni."

Bọ́ọ̀sì lọ, Otylia kò bá a lọ.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Otylia ń wá láti jọ erùpẹ̀ ibẹ̀, bóyá yóò tún rí òmíràn. Kò rí owó kankan mọ́. Dípò owó, Bogumił ló rí. Wọ́n ń sun ọ̀dùnkún nínú iná oko, wọ́n ń fi wàrà jẹ ẹ́. Nígbà tí otútù bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi apá kọ́ apá, wọ́n jọ mu ọtí èso ṣẹ́rì, bí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ti ń ṣe bí wọ́n bá fẹ́ fi "ẹ̀yin" sílẹ̀ kí wọ́n máa pe ara wọn ní "ìwọ".

"Láti òní lọ, Boguś ni n ó máa pè ọ́."

"Ohun tó bá wù ọ́ ni kí o pè mí, mo ti dáhùn."

Ìfẹ́ Otylia ti gba gbogbo ọkàn Bogumił. Bó ṣe ń ronú àtilọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ni Otylia dé ní Àbámẹ́ta kan, tó ń rẹ́rìn-ín láti ojú ọ̀nà.

"Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Wrzosek tó jẹ́ àgbà gbogbo wọn fúnra rẹ̀ ń bọ̀."

"Kí lo fẹ́ sọ fún wọn?"

"Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ṣin rẹ ni. Àwọn owó tó kù fi ohun tó ju ọgbọ̀n ọdún dàgbà jù ú lọ. Ogun Czech kọ́ ló ri ìkòkò yẹn mọ́lẹ̀, Boguś. Ohun tí wọ́n kọ́ wa kò rí bẹ́ẹ̀."

Bogumił da ọ̀dùnkún tó ń jẹ padà sínú eérú iná. Owó kan ṣoṣo ló rò pé òun fi kún owó. Kò mọ̀ pé òun ti yí ọjọ́ orí gbogbo ìkòkò padà. Bó bá dákẹ́, Otylia yóò di ìyàwó rẹ̀, yóò sì fi orúkọ ara rẹ̀ gbé irọ́ òun kiri títí ayé. Bó bá sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kó má rí i mọ́. Òtítọ́ korò, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́.

"Kì í ṣe inú ihò yẹn ni mo ti rí i. Etí odò ni bàbá mi ti ṣa á, ó ti pẹ́."

Otylia gbé ọ̀dùnkún ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ọjọ́ tí mo ní kí ẹ wo ojú mi ńkọ́?"

Bogumił gbọ́ "ẹ" yẹn, ó dùn ún ju ìfọ́tí lọ. "Mo parọ́. Mi ò fẹ́ kí o lọ ni."

"Ẹ ò bá kúkú sọ pé ẹ ò fẹ́ kí n lọ."

Ó gbọn eérú kúrò lára aṣọ, ó gba ojú ọ̀nà lọ. Bogumił jókòó ti iná, ó sunkún, kò sì bo ojú rẹ̀ nítorí kò sẹ́ni tó ń wò ó àfi ẹṣin.

Ní ọjọ́ ìpàdé, ó wọ kóòtù tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọkọ̀ lọ sí Poznań, ó dúró sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Otylia ìbá ti ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pé ara òun kò yá. Ṣùgbọ́n ó dúró níwájú wọn.

"Ẹlẹ́ṣin yìí kì í ṣe ara ìkòkò náà," ló wí. "Mo tètè gbà á gbọ́ nítorí ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Wrzosek yọ awò ojú rẹ̀. "Ọmọ mi, ta ló tàn ọ́ jẹ?"

 Gbogbo ènìyàn ń wo Otylia, kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

"Èmi ni, sà," ni Bogumił wí láti ẹ̀yìn.

"Kí lẹ fẹ́ rí gbà níbẹ̀?"

"Bọ́ọ̀sì fẹ́ gbé wọn lọ ni, sà. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè fi dá wọn dúró."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn rín in títí wọ́n fi ń nu ojú. Otylia nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n tú ká, ó bá Bogumił níbi tí wọ́n ń kọ́ kóòtù sí.

"Mo ṣì ń bínú sí ọ o."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀."

"Màmá mi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí o wá jẹun lọ́jọ́ Àìkú. Má retí ohun rere."

Bogumił gbé òdòdó àti ìgò ọtí kan lọ. Ìyá Otylia, tí wọ́n ń pè ní Pani Eufemia, ìyẹn Ìyáàfin Eufemia, gba òdòdó láìrẹ́rìn-ín, ó sì gbé abọ́ kan ṣoṣo síwájú àlejò rẹ̀. Ọbẹ̀ dúdú ni, tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ sè. Ní ìlà oòrùn tí Pani Eufemia ti ṣí wá lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lé ọkùnrin tó wá tọrọ ọmọ nìyẹn: wọn kì í bú u, ọbẹ̀ dúdú ni wọ́n ń gbé fún un, yóò sì dìde lọ.

Ojú Otylia pọ́n. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

Bogumił gbé síbí. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wẹnu àáké. Ó jẹ ọbẹ̀ náà dé ìdajì, ó rọra ń jẹ ẹ́.

"Ṣé ó dùn?" ni Pani Eufemia bi í.

Bogumił rò ó díẹ̀. "Ọtí kíkan inú rẹ̀ kò tó, mà."

"Ṣé ẹ mọ ohun tí ọbẹ̀ yìí ń sọ?"

"Mo mọ̀, mà. Ní abúlé wa oúnjẹ ọjọ́ Àìkú ni, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé lọ́dọ̀ yín, kí n máa lọ ló ń sọ."

"Ẹ mọ̀, ẹ wá ń rí àléébù ọbẹ̀ mi?"

"Ẹ bi mí ni, mà. Mo ti parọ́ fún ọmọ yín kó má bàa lọ. Mi ò ní pa òmíràn fún yín kí ẹ má bàa lé mi."

 Pani Eufemia na ọwọ́, ó gba síbí lọ́wọ́ rẹ̀, ó tọ́ ọbẹ̀ náà wò. Ó tún tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kejì. Ó dìde lọ sí ilé ìdáná.

"Boguś," ni Otylia wí, "sọ ohun tó o wá sọ kíákíá."

"Mo fẹ́ fi ọ́ ṣaya."

"Mo gbà. O ò gbọdọ̀ parọ́ fún mi mọ́ láéláé, kódà bí bọ́ọ̀sì bá fẹ́ gbé mi lọ."

"Mi ò jẹ́ parọ́ mọ́."

Nígbà tí Pani Eufemia padà dé pẹ̀lú ìgò ọtí kíkan, wọ́n ti di ara wọn lọ́wọ́ mú lórí tábìlì. Ó wo ọwọ́ náà, ó da ọtí kíkan díẹ̀ sínú abọ́, ó fi síbí rò ó pọ̀, ó sì tì í padà síwájú Bogumił.

"Ẹ tún un tọ́ wò," ló wí, "àna mi."