Ohun Tí Ìjàngbọ̀n Tonbra Ń Sọ

Ọmọ méjìléláàádọ́rin ló wà nínú kíláàsì Anti Morádéún ní Ajégúnlẹ̀ lọ́dún 1991, bẹ́ǹṣì kò sì ká ogójì nínú wọn. Tírélà tó ń lọ sí wáàfù ń fọn fèrè lẹ́bàá fèrèsé láti àárọ̀. Kó tó di aago mẹ́wàá, ohùn tíṣà á ti há. Ó ti rẹ̀ ẹ́, kì í sì í ṣe àárẹ̀ tí oorun lè wò sàn.

Tonbra ló wá fi kún un. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ó ga, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi í sí ẹ̀yìn pátápátá. Bí gbogbo kíláàsì bá ń ké ìsọdipúpọ̀ lápapọ̀, ẹnu tirẹ̀ náà ń lọ. Àfi kí tíṣà ní kí wọ́n mú ìwé àpèkọ jáde. Kíá, Tonbra á ti já ìwé gbà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì í, á fà á ya, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́rú kan, ó gé Queen, ọmọ tó jókòó tì í, jẹ lápá.

"Anti, ó tó gẹ́ẹ́," ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlálérè, ọ̀gá ilé ìwé, wí. "Ẹ kọ lẹ́tà. Tó bá di Furaidé, màá buwọ́ lù ú, kó máa lọ sílé."

Anti Morádéún ń kọ lẹ́tà ọ̀hún lọ́wọ́ nígbà tí Nọ́ọ̀sì Eucharia wọlé láti yẹ àwọn ọmọ wò.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wá abẹ́rẹ́ agídí fún èyí," ni tíṣà wí, ó nawọ́ sí Tonbra tó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìgbà wo ló máa ń ṣe agídí ọ̀hún?"

"Ìgbà gbogbo ni o jàre."

"Ẹ rò ó dáadáa, mà."

Tíṣà ronú. "Ó dà bíi pé ìgbà àpèkọ ni."

"Tẹ́ ẹ bá kọ iṣẹ́ sójú bọ́ọ̀dù ńkọ́?"

"Ó máa ń dà á kọ jẹ́ẹ́ ni." Bó ṣe sọ ọ́ tán, ọ̀rọ̀ náà ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

Nọ́ọ̀sì lọ dúró sẹ́yìn ọmọ náà, ó rọra pè é. Kò wẹ̀yìn. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Èèrà ni Tonbra ń wò nílẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá yọ òwú kékeré kan létí rẹ̀, ọyún tẹ̀ lé e.

Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀, tó ń ta ẹja ní agbègbè Coconut. Ó sáré wá, ó rí òwú náà.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. E don tey, ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe é. Mo máa ń kán àdí gbígbóná sí i, màá wá fi òwú dí i. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pe pikin mi ní adití, kí wọ́n wá lé e ní school."

"Àdí ò lè wo ọyún etí, Mama Tonbra. Ńṣe ló ń ba etí jẹ́ sí i. Ọsibítù lẹ máa gbé e lọ lónìí."

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà, kó lè rí ẹnu òun.

"Tonbra, kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé o ò gbọ́?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Anti, ẹni tó bá gba òdo nínú àpèkọ, ẹ máa ń ní kí gbogbo kíláàsì kọrin olódo fún un. Ẹni tó bá jà, ẹ kàn máa ń nà án ni. Ẹgba kì í pẹ́."

Ojú ti Anti Morádéún. Ó ti ń rò láti ọjọ́ yìí pé orin yẹn ń mú ọmọ ṣiṣẹ́ ni. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Lẹ́tà náà kò dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Iwájú bọ́ọ̀dù ni Tonbra ń jókòó báyìí, wọn kò sì kọrin olódo mọ́ ní kíláàsì yẹn. Etí ọ̀tún rẹ̀ sàn lẹ́yìn oṣù méjì. Ti òsì ti pẹ́ jù.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin òbí, a mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín. Ta ni ọmọ méjìléláàádọ́rin ò ní í rẹ̀? Ṣùgbọ́n kí ẹ tó na ọmọ tó ń dàlúrú, ẹ wo àsìkò tó ń ṣe é, kí ẹ sì wo ohun tó ń sá fún. Ẹ yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò, ẹ bi í bóyá ó ti jẹun. Etí tí ọyún bá ń jáde nínú rẹ̀, ẹ má kán ohunkóhun sí i, ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ni kí ẹ gbé ọmọ náà lọ. Ọmọ tí kò lè fẹnu wí, ìwà ló fi ń wí. Ẹ tètè gbọ́ ọ, torí etí òsì Tonbra kò padà gbọ́ràn mọ́.