Fótò Tí Odile Kò Yọ Kúrò

Epo ló gbé Odile dé ọ̀dọ̀ Martial. Epo pupa tó ń fún ní Issaba, ní ilẹ̀ Benin, mọ́ lóló, ṣùgbọ́n gbogbo fótò tó bá yà ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà rẹ̀ ní Sakété, bí omi ẹrẹ̀ ló ń rí. Lọ́jọ́ ọjà Pobè kan, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Martial, ayàfótò kan níbẹ̀, pẹ̀lú ìgò epo lọ́wọ́.

"Ẹ bá mi wá kámẹ́rà gidi. Fóònù mi ò dáa."

Martial, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà, gba fóònù náà wò. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú kámẹ́rà ẹ̀yìn rẹ̀.

"Màdáàmù, epo ló dí i lójú. Kámẹ́rà yòówù kéèyàn ní, ojú ẹni tó mú un dání ló ń ya fótò. Ẹ jẹ́ ká jáde."

Ó gbé ìgò náà kúrò lójú oòrùn, ó gbé e sábẹ́ òrùlé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́.

"Ẹ fẹsẹ̀ yín sún mọ́ ọn, ẹ má fi ìka fà á tóbi. Ẹ lẹ ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà. Ẹ dá èémí dúró díẹ̀."

Odile tẹ̀ ẹ́. Epo náà pọ́n yòò nínú fóònù bí ẹyin iná. Obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún yìí hó yèè bí ọmọdé, Martial náà sì bú sẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ ọjà tí Odile kì í ní ìbéèrè kan láti bi í nípa fótò. Nígbà tó yá, ìbéèrè tán, ó ṣì ń wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Martial jókòó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ya àwọn èèyàn," ló wí. "Kò sẹ́ni tó ya èmi rí."

Odile sún mọ́ ọn títí ó fi rí ewú irùngbọ̀n rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó yà á.

"Fótò ọ̀hún dáa?"

"Ẹni tó wà nínú ẹ̀ ló dáa."

Ọjọ́ náà ni wọ́n mọ̀ pé ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Odile gbé fótò náà sórí Status WhatsApp rẹ̀, níbi tí fótò ti ń pa rẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kan, ó kọ ọ̀rọ̀ sí i: "Ẹni tí mo fẹ́ rèé."

Kó tó di ọ̀sán, Sakété ti gbọ́. Bonaventure, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ Odile, já wọ ilé rẹ̀ ní Issaba pẹ̀lú Fabrice, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Odile bí.

"Yọ ọ́ kúrò!" ni Bonaventure ń pariwo. "A ní kí àbúrò mi ṣú ọ lópó, o kọ̀. Ayàfótò lásán lo wá rí?"

Odile kò kúnlẹ̀.

"Bàbá, ọdún méjìlélógún ni mo fi ṣe ìyàwó yín. Mo tọ́jú ọkọ mi lórí àìsàn, mo sin ín, mo ṣe opó rẹ̀ pé. Èmi kì í ṣe ilẹ̀ oko tí àwọn ará ilé ń pín."

Fabrice kò pariwo. "Màmá, bí ẹ bá fẹ́ ọkùnrin yẹn, ẹ má wá sílé mi ní Sakété mọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí gún Odile lọ́kàn. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Ó dùn mí, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí fótò náà bá pa rẹ́ lọ́la, màá tún un gbé síbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣe lójoojúmọ́, fún oṣù méjì gbáko.

Martial gan-an ni ẹ̀rù ń bà. "Olólùfẹ́ mi, jẹ́ ká ní sùúrù. Mi ò fẹ́ kí o tìtorí mi pàdánù ọmọ."

"Ṣé o fẹ́ mi, àbí o ò fẹ́ mi?"

"Mo fẹ́ ọ ju ojú tí mo fi ń ríran lọ."

"Ó yá, jẹ́ ká lọ sí mẹ́rì."

Ní mẹ́rì Pobè, ọ́fíìsì ìjọba ìlú náà, níwájú Berthe àbúrò Odile àti àwọn ọ̀rẹ́ díẹ̀, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n di tọkọtaya. Bí wọ́n ti jáde, Odile gun ẹ̀yìn alùpùpù ọkọ rẹ̀ tòun ti léèsì funfun.

"Sakété là ń lọ," ló wí. "Ilé Fabrice."

Bí alùpùpù náà ti dúró níwájú ilé, Josiane, ìyàwó Fabrice, ló kọ́kọ́ sáré jáde. Fabrice dúró sẹ́nu ọ̀nà. Odile kò sọ̀kalẹ̀.

"Mi ò wá bẹ̀bẹ̀. Mo wá fi ẹnu ara mi sọ fún ọ pé mo ti ṣègbéyàwó lónìí. Bí o gbà, bí o kọ̀, ọmọ mi ni ọ́."

Fabrice dorí kodò.

"Ẹ wọlé, Màmá."

"Èmi nìkan lò ń pè ni, àbí àwa méjèèjì?"

Àwọn aládùúgbò ti ń yọjú. Martial ti ṣe tán láti yí alùpùpù padà. Fabrice gbójú sókè, ó wo ọkùnrin náà fúngbà àkọ́kọ́.

"Ẹ̀yin méjèèjì."

Ohùn rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ. Odile sọ̀kalẹ̀, ó tún léèsì rẹ̀ ṣe, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú ṣinṣin, wọ́n sì jọ wọlé.