Ẹni Tó Bá Ń Kánjú, Kó Fẹsẹ̀ Rìn

Oúnjẹ ọ̀sán ni Hester Ormerod gbé wá fún bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ tí Enoch Scaife kọ́kọ́ rí i, ní ilé-iṣẹ́ Fothersby, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ tí oru omi ń tì. Enoch, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, dúró ti ọkọ̀ kan, ó ń wo iná abẹ́ ìkòkò omi rẹ̀.

"Ṣé ọkọ̀ yìí ń sùn ni?" ni Hester bi í.

"Omi rẹ̀ ò tíì hó. Ẹni tó bá ń kánjú, kó fẹsẹ̀ rìn."

Hester rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ títí omi fi hó. Nígbà tí ọkọ̀ yóò fi gbéra wọ́ọ́rọ́wọ́, ìfẹ́ ọmọbìnrin náà ti wọ Enoch lọ́kàn. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi ń fẹ́ra.

Àmọ́ bàbá Hester, Jabez, fi Fothersby sílẹ̀, ó lọ ń ta ọkọ̀ oníbẹntiróò, ó sì kó àwọn oníbàárà lọ. Enoch pè é ní ọ̀dàlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, lójú gbogbo ìjọ. Ó búra pé ìdí òun ò ní kan ọkọ̀ bẹntiróò láéláé.

"Ó dáa," ni Jabez wí. "Ọjọ́ tí o bá wa ọkọ̀ bẹntiróò wá sẹ́nu ọ̀nà mi, lo tó mú ọmọ mi lọ ṣọ́ọ̀ṣì."

Hester bẹ Enoch. "Olólùfẹ́ mi, àga lásán ló wà nínú ẹ̀. Ṣé àga máa ń buni jẹ ni?"

"Bàbá ẹ ló ń buni jẹ."

"Èmi lẹ ń bù jẹ, ẹ̀yin méjèèjì."

Ọdún gorí ọdún. Hester ò bẹ̀bẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ ẹlòmíràn. Ìbínú ọ̀hún ti sú Enoch fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí.

Nígbà tó yá, Fothersby kógbá wọlé. Enoch ló fọwọ́ ara rẹ̀ pa iná abẹ́ ọkọ̀ tó kẹ́yìn. Ó wo àgbàlá tó ṣófo, kò rí ohun tí òun tún ń torí rẹ̀ bínú mọ́. Ó lọ yá ọkọ̀ bẹntiróò tí oníbúrẹ́dì fi ń gbé búrẹ́dì kiri.

Ọkọ̀ náà ń gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe, ó ń pariwo dé ẹnu ọ̀nà àwọn Ormerod.

"Ẹ sọ fún oníbúrẹ́dì pé a ti rà lánàá!" Ohùn Hester nìyẹn láti inú ilé.

"Èmi ni."

Hester jáde, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ̀, ewú wà lórí rẹ̀.

"Enoch? Nínú èyí?"

"Ó rẹ̀ mí, Hester. Ó ti rẹ̀ mí."

Jabez fi ọ̀pá tilẹ̀ jáde, ó la ẹnu láti fi í ṣẹ̀sín. Hester gbé ọwọ́ oníyẹ̀fun sókè.

"Ẹ má sọ ọ́, Bàbá. Ẹ ti borí. Ó tó."

Jabez fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀ padà wọlé.

"Wọlé sọ́kọ̀," ni Enoch wí, "ká lọ bá pásítọ̀, kó kéde ìgbéyàwó wa lọ́jọ́ Ìsinmi."

"Pa ẹ́ńjìnnì aláriwo yẹn." Hester di apá rẹ̀ mú. "Èmi ń kánjú báyìí. Ẹsẹ̀ la ó fi rìn."